Kì í Ṣe Ara Aláìsàn Ló Kọ Oògùn

Ẹ̀yin àgbà onímọ̀, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mọ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ẹ mọ bakitéríà; n kò ní fi ìtumọ̀ jẹ àkókò yín. Bakitéríà tí oògùn tó ń pa á tẹ́lẹ̀ kò ràn mọ́, àti ewu tó jẹ́ fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ni ọ̀rọ̀ wa.

Ìjà àtijọ́ kan wà tí mo ní láti kọ́kọ́ jà. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ pé, "Oògùn yẹn ti mọ́ ọn lára, kò lè ṣiṣẹ́ fún un mọ́." Àwọn tó wọ ẹ̀wù funfun náà ń sọ ọ́! Irọ́ ni. Kòkòrò ló yí padà. Bí oògùn bá dé, àwọn tí kò lágbára nínú wọn á kú, àwọn tó le á ṣẹ́ kù, wọn á sì bí irú ara wọn. Alexander Fleming, tó ṣàwárí pẹnisílíìnì ní 1928, ti parí ẹjọ́ yìí nínú àsọyé ẹ̀bùn Nobel rẹ̀ ní 1945. Ó ní ká sọ pé ọ̀fun ń dun ọkùnrin kan, ó ra pẹnisílíìnì, ó lo ìwọ̀n tí kò tó pa kòkòrò ṣùgbọ́n tó tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa fara dà á. Ó kó kòkòrò náà ran ìyàwó rẹ̀. Òtútù àyà mú obìnrin náà, wọ́n fún un ní pẹnisílíìnì, kò ràn án, ó kú. Ẹ jọ̀ọ́, ara ta ni oògùn mọ́ níbẹ̀? Ọkọ ló fi oògùn ṣeré, ìyàwó ló sanwó rẹ̀.

Ẹ má fi ọkọ náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a wà ní kékeré, kápúsù oògùn apakòkòrò tí à ń pè ní tẹ́trà, pupa òun yẹ́lò, ni wọ́n ń já dà sójú egbò wa. Wọn á fi ìyókù pamọ́ de ìgbẹ́ gbuuru. Lónìí náà, ẹ yẹ báàgì yín wò: káàdì oògùn tí ẹ lò dé ìdajì wà níbẹ̀.

Lónìí, ẹni tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló dà bí ìyàwó inú àpẹẹrẹ Fleming yẹn. Jẹjẹrẹ náà lè dí ọ̀nà afẹ́fẹ́ kan nínú àyà. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dá dúró lẹ́yìn rẹ̀ bí omi gọ́tà tó dí, kòkòrò á sì rílé. Kímò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, tún ń dín sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń gbèjà ara kù. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn tí aláìsàn bá gba kímò ni sẹ́ẹ̀lì yìí sábà máa ń kéré jù. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, bakitéríà bíi Klebsiella tàbí Pseudomonas tí oògùn ò ràn lè pa èèyàn kí èsì láàbù tó jáde. Bí kò bá tilẹ̀ pa á, wọ́n lè ní láti sún kímò tàbí iṣẹ́ abẹ síwájú, jẹjẹrẹ ò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìṣirò tó jáde nínú The Lancet ní 2022 sọ pé bakitéríà tí oògùn ò ràn ló pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.27 èèyàn lágbàáyé ní 2019. Nàìjíríà gbé ètò kan kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2017, àmọ́ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kẹ́místì ṣì ń ta oògùn apakòkòrò láìbéèrè ìwé dókítà.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ fọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan aláìsàn kejì. Ẹni tó bá ń gba kímò, tí ara rẹ̀ gbóná dé 38°C, kó má ya kẹ́místì. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀, bó ti wù kí òru jìn tó.