Ẹ so àtíbàbà yín mọ́lẹ̀ kí ìjì tó dé

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ



Ọ̀rọ̀ àtíbàbà ẹ̀yìnkùlé ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Níbo ni ìyá ń jókòó sí tí ó bá ń bó gbágùúdá? Níbo ni bàbá ń gba àlejò sí lọ́sàn-án? Níbo ni àwọn ọmọ ń sùn sí nígbà tí oòrùn bá mú? Abẹ́ àtíbàbà ni. Ní abúlé púpọ̀, abẹ́ àtíbàbà náà ni a gbé pátákó ìkọ̀wé sí. Bí ó bá wó ní oṣù kẹrin, iṣẹ́ oko ti dé. Ta ni yóò ráyè kọ́ òmíràn? Ẹ̀kọ́ yóò dúró títí di ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ orúkọ ara rẹ̀ yóò ti gbàgbé.

Ní apá Kétu, Pọbẹ àti Ìtakété, oṣù kẹta ni òjò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ wọ̀nyí kì í dá wá, ìjì ni ó ń ṣáájú wọn. Láti ìlà oòrùn ni ìjì náà sábà máa ń yọ. Ojú ọ̀run á dúdú, eruku á gbá, òjò á tẹ̀lé e. Nígbà náà, ọyẹ́ ti gbẹ okùn wa láti oṣù kejìlá. Òpó ti là. Ikán ti jẹ ìdí òpó lábẹ́ ilẹ̀, ojú wa kò sì rí i. Òpó náà dúró ṣánṣán bí ẹni tí ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó ti kú.

Kí ni ìjì ń ṣe sí òrùlé? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó kàn ń tì í ṣubú ni. Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Àtíbàbà kò ní ògiri. Afẹ́fẹ́ ń wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì ń ti òrùlé láti ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ń sáré kọjá lórí rẹ̀ náà ń fà á sókè. Ìjì ń gbé òrùlé lọ sókè ni. Àwọn ará Àjàṣẹ́ tí ó ti rí ọkọ̀ tí ó ta ìgbòkun lórí ọ̀sà mọ agbára tí afẹ́fẹ́ ní bí ó bá rí ohun fẹ̀ǹfẹ̀ tì.

Nítorí náà ni mo ṣe bẹ̀ yín: ẹ má ṣe kó òkúta lé orí páànù. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ni ó ń ṣe é. Ìjì tí ó lè gbé páànù kò ní bẹ̀rù òkúta. Yóò gbé páànù, òkúta yóò sì já lé ẹni tí ó sá wá sí abẹ́ rẹ̀ lórí. Ọmọdé ni ó sì máa ń kọ́kọ́ sá wá síbẹ̀.

Ẹnìkan yóò sọ pé: "Àwọn bàbá wa kò kan ìṣó, àtíbàbà wọn sì dúró." Òótọ́ ni. Imọ̀-ọ̀pẹ ni wọ́n fi bò ó. Afẹ́fẹ́ ń gba àárín imọ̀ kọjá, kò rí ohun tí yóò gbé. Àwa ni a gbé páànù àti rọ́bà lé orí òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tí imọ̀ nìkan tọ́ sí. Bí òjìji lásán ni ẹ ń wá, imọ̀ tó. Ẹ má fi rọ́bà kún un. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó gba òjò dúró, ẹ jẹ́ kí a mú òpó àti okùn le.

Ẹ so ẹkẹ kọ̀ọ̀kan mọ́ igi ìdábùú. Ẹ so igi ìdábùú mọ́ òpó. Wáyà dára ju okùn lọ, ṣùgbọ́n okùn ìko tí ó tutù, tí a fà le, tí a sì ń pààrọ̀ lọ́dọọdún, ń ṣe iṣẹ́. Ibi tí ìdè kan bá ti tú, ibẹ̀ ni ìjì ń gbà bẹ̀rẹ̀. Bí páànù ni, orí gegele rẹ̀ ni kí ẹ ti kan ìṣó, kì í ṣe ojú kòtò tí omi ń gbà. Kí ìṣó gùn tó láti yọ lábẹ́ igi, kí ẹ sì tẹ ẹnu rẹ̀.

Bí bẹẹrẹ ni ẹ fi bò ó, kí òrùlé dà gan-an. Bí igi àárín bá fi mítà 1 ga ju igi ẹ̀gbẹ́ lọ, kí àlàfo ilẹ̀ tí ó wà láàárín wọn má ju mítà 1 lọ. Òrùlé bẹẹrẹ tí ó tẹ́jú ń mu omi, ó ń wúwo, ó sì ń jẹrà.

Ìdí òpó wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà jù. Kí ihò jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60, ìyẹn ni pé kí ó kọjá orúnkún géńdé díẹ̀. Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ yí òpó ká, ẹ gún un mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ kó ilẹ̀ jọ sí ìdí rẹ̀ kí omi má dúró níbẹ̀. Igi àyìn dára, ó le. Tẹ́kì náà dára bí ó bá gbó. Ṣùgbọ́n tẹ́kì kékeré tí inú rẹ̀ ṣì funfun, oúnjẹ ikán ni. Igi yòówù kí ó jẹ́, ẹ bó èèpo rẹ̀. Ẹ sì fi iná jó ìdí rẹ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi dúdú, kí ẹ tó rì í. Àwọn kan ń fi ọ́ìlì ọkọ̀ tí a ti lò pa á. Ó ń lé ikán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń ba omi jẹ́. Ẹ má ṣe é nítòsí kànga tàbí ibi tí ẹ ń sá àgbàdo.

Ẹ fi igi fẹ̀yìn ti àwọn òpó igun, bí àgbà ti ń fẹ̀yìn ti ọ̀pá. Ẹ gbẹ́ ojú àgbàrá yí àtíbàbà ká. Ẹ tún lè gbin ìyeyè tàbí akòko sí apá ìlà oòrùn: ẹ̀ka tí a gé tí a rì mọ́lẹ̀ ń ta gbòǹgbò. Ẹ jẹ́ kí ó jìnnà díẹ̀, kí ẹ̀ka má wó lù yín. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ gbé ààrò kúrò lábẹ́ bẹẹrẹ.

Iṣẹ́ ẹnìkan kọ́ nìyí. Ọ̀wẹ̀ ọjọ́ kan tó, bí a bá ṣe é ní oṣù kejì.

Ní ọjọ́ ẹ̀kọ́ tí ń bọ̀, ẹ mú ìwé àti bírò wá. A ó to àwọn òpó ní nọ́ńbà. Ẹnìkan yóò mì í, yóò fi igi gún ìdí rẹ̀. Ẹlòmíràn yóò kọ ọ́ sílẹ̀: "Òpó 1, ó le. Òpó 2, ó ń mì. Òpó 3, ikán ti jẹ ẹ́." Lẹ́yìn náà ni a ó ka iye igi tí a ó lọ gé, a ó sì kọ orúkọ ẹni tí yóò mú okùn wá.