Àdéhùn Kí Ayùn Tó Dún

  Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí àwọn tí ń fi igi gígé àti igi títọ́jú ṣe iṣẹ́ òòjọ́ wọn, tí wọn kò ní ọ̀gá tí ń san owó oṣù fún wọn. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀yin tí ẹ ń pè wọ́n sí oko gẹ́gẹ́ bí ó ti kan àwọn fúnra wọn.

Bí ẹ bá gba ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀, ẹ ó kan Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Àkúrẹ́. Ẹni tí ó bá mọ ibẹ̀ mọ̀ pé ìlú àgbẹ̀ ni, ìlú gẹdú àti pákó sì ni pẹ̀lú. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, ọkùnrin kan lè ra ayùn ẹlẹ́rọ, èyí tí a ń pè ní ṣéènsọ́ọ̀, kí ó gbé e lé èjìká, kí ó sì di ọ̀gá ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Lónìí, wọ́n lè pè é sí oko kókó. Lọ́la, ẹ̀ka máńgòrò tí ó wó lu òrùlé ni yóò lọ gé. Lọ́túnla, ó lè má rí iṣẹ́ kankan.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni èyí: kí ayùn tó dún, ó yẹ kí àdéhùn ti wà nílẹ̀. Bí igi bá ti ń wó, ọ̀rọ̀ ti pẹ́. Àwọn àgbà sì sọ pé igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gígé igi lulẹ̀ nìkan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni John Davey, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó lọ tẹ̀dó sí Ohio ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan jáde ní 1901, ó pè é ní The Tree Doctor, èyíinì ni dókítà igi. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn òkè òkun ti ń wo iṣẹ́ yìí bí iṣẹ́ ìtọ́jú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Alex Shigo, onímọ̀ igi lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, fi ayùn ẹlẹ́rọ la ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi láti wo inú wọn. Ó rí i pé egbò igi kì í san bí egbò ara ènìyàn. Ńṣe ni igi ń mọ odi yí egbò náà ká, kí ìjẹrà má baà ràn wọ inú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá dá egbò ńlá sí igi lára ti dá ọ̀ràn tí igi náà yóò máa gbé kiri títí tí yóò fi kú.

Ní oko kókó tiwa, iṣẹ́ dókítà igi pọ̀. Àfòmọ́ wà lórí ẹ̀ka tí ó yẹ kí a gé kúrò kí ó tó so èso, nítorí àwọn ẹyẹ a máa gbé irúgbìn rẹ̀ láti orí igi kan dé orí òmíràn. Èhù wà lára igi kókó tí ó yẹ kí a máa ré. Ẹ̀ka gbígbẹ wà. Igi ìbòòji ńlá sì wà láàárín oko. Bí ìbòòji bá pọ̀ jù, inú oko a tutù, atẹ́gùn kò ní ráàyè wọlé, àrùn tí ń mú kókó dúdú lórí igi yóò sì gbilẹ̀, bí a tilẹ̀ ń fín oògùn. Bí a bá sì gé gbogbo ìbòòji dànù, oòrùn àti kòkòrò yóò dojú kọ kókó. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ohun tí à ń wá. Igi àràbà ní tirẹ̀ kò dára fún ìbòòji kókó, nítorí ó wà lára àwọn igi tí ó lè gbé kòkòrò àrùn tí ń mú kí ẹ̀ka kókó wú pamọ́ sára. Bí ẹ bá fẹ́ mọ igi tí ó yẹ kí ẹ fi sílẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ̀ràn àgbẹ̀, tàbí kí ẹ ránṣẹ́ sí ilé ìwádìí kókó, CRIN, ní Ìdí-Ayùnrẹ́ nítòsí Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964.

Báwo ni a ṣe ń gé ẹ̀ka ńlá? Ìgbà mẹ́ta ni ayùn yóò kàn án. Èkínní, ẹ gé e díẹ̀ láti abẹ́, ní ibi tí ó jìnnà díẹ̀ sí ara igi. Èkejì, ẹ sún síwájú díẹ̀, kí ẹ gé e láti òkè títí yóò fi já. Èyí ni kì í jẹ́ kí ẹ̀ka bó èèpo ara igi lọ bí ó ti ń ṣubú. Ẹ̀kẹta, ẹ wá gé kùkùté tí ó ṣẹ́kù. Ẹ wo ìdí ẹ̀ka dáadáa, ẹ ó rí ibi tí ó wú yíká bí ọrùn ẹ̀wù. Ẹ má gé ibi wíwú yẹn, ẹ gé e ní iwájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni igi ti ń mọ odi rẹ̀. Ẹ má sì ṣe gé gbogbo orí igi kúrò nítorí kí ó lè kúrú. Èhù tí yóò rú níbẹ̀ kì í lágbára, ìjì tí ó bá jà lọ́jọ́ iwájú ni yóò ya á lu ilé tàbí lu ènìyàn.

Ní ti gígé igi lulẹ̀, ewu rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kí agégi tó fọwọ́ kan ayùn, ó yẹ kí ó rìn yí igi náà ká. Ibo ni ó tẹ̀ sí? Ǹjẹ́ inú rẹ̀ ti jẹrà? Ǹjẹ́ ẹ̀ka gbígbẹ wà lókè tí ó lè já lù ú lórí? Ǹjẹ́ okùn igbó so ó mọ́ igi mìíràn? Lẹ́yìn náà ni yóò ro ọ̀nà tí yóò gbà sá, sí ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe ẹ̀yìn igi gan-an. Yóò gé ẹnu sí ìhà ibi tí igi yóò wó sí, kí ó wọlé tó nǹkan bí ìdá 1 nínú 4 ìbú igi. Yóò wá gé e láti ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò ní gé e já. Yóò fi nǹkan bí ìdá 1 nínú 10 sílẹ̀ láàárín, nítorí ìdè yẹn ni ó ń darí igi bí ó ti ń wó. Gbogbo ènìyàn tí kò níṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà tó ìlọ́po 2 gíga igi. Bí igi bá ga ní mítà 20, kí àwọn ọmọdé àti òǹwòran wà ní mítà 40 ó kéré tán.

Ayùn náà fúnra rẹ̀ lè pa ènìyàn. Bí apá òkè ní ṣóńṣó irin ayùn bá kan igi lójijì, ayùn a ta padà sí ojú àti ọrùn ẹni tí ó dì í mú. Ọwọ́ méjèèjì ni a fi ń dì í mú, a kì í sì í gbé e kọjá èjìká. Ariwo rẹ̀ ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 100 lọ, bẹ́ẹ̀ ni 85 fún wákàtí 8 ni àwọn onímọ̀ ìlera ibi iṣẹ́ gbà pé ó yẹ kí etí mọ. Nítorí náà, ohun ìdí-etí, akoto líle, ìbòjú, ìbọ̀wọ́, bàtà líle àti ṣòkòtò tí a ṣe fún iṣẹ́ ayùn kì í ṣe afẹ́. Bí igi bá sún mọ́ wáyà iná, kí ẹnikẹ́ni má gùn ún, kí ẹnikẹ́ni má gé e. Ẹ ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tí ń pín iná kí wọ́n kọ́kọ́ pa á. Ẹ̀ka tútù lè gbé iná wọ ara ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ owó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ agégi ti ń pàdánù láìmọ̀. Ká ní wọ́n dá iṣẹ́ ọjọ́ kan lé 50,000 náírà. Àpẹẹrẹ lásán ni o, ẹ béèrè iye tí ọjà ń pè. Epo àti ọ́ìlì gba 9,000. Owó ọkọ̀ gba 5,000. Ọmọṣẹ́ méjì, 6,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó di 12,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 26,000, ó ku 24,000. Ẹni tí kò mọ ìṣirò yóò ní òun jèrè 24,000, yóò sì ná an. Ṣùgbọ́n ṣéènì ń jẹ, ẹ̀rọ ń gbó. Bí ó bá fi 5,000 pamọ́ fún ayùn mìíràn, tí ó sì fi 3,000 pamọ́ fún àìsàn, ó ku 16,000. Bí ó bá sì jẹ́ ọjọ́ 3 péré ni ó ń rí iṣẹ́ láàárín ọjọ́ 6, á jẹ́ pé 16,000 yẹn ni oúnjẹ ọjọ́ méjì. Ẹ̀yin àgbẹ̀, bí ẹ bá ń ná an lówó, ẹ rántí pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń wọ àpò rẹ̀. Ẹ̀yin agégi, ẹ máa kọ ọ́ sínú ìwé.

Bí ó bá farapa ńkọ́? Òfin Employee's Compensation ti 2010 pàṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ máa san ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò tí NSITF ń mójú tó, kí òṣìṣẹ́ tí ó bá farapa lè rí nǹkan gbà. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀, ta ni yóò san án fún un? Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kán ní oko yín, ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Òfin ìlera tí ó dá NHIA sílẹ̀ ní 2022 sọ pé kí gbogbo ará ìlú wà nínú ètò ìbánigbófò ìlera. Ní 2019 bákan náà ni àjọ PenCom ṣí ètò owó ọjọ́ ogbó sílẹ̀ fún àwọn tí kò ní ọ̀gá. Ẹ lọ béèrè bí ẹ ṣe lè wọlé sí i.

Nítorí náà, kí ayùn tó dún, kí olóko àti agégi jókòó, kí wọ́n dáhùn ìbéèrè 5 wọ̀nyí lójú ẹlẹ́rìí. Igi wo ni a ó gé, èwo ni a ó fi sílẹ̀? Ẹ fi ọ̀dà sàmì sí i. Èló ni, ìgbà wo ni a ó san án? Ta ni ó ni igi àti pákó tí yóò jáde, ta ni yóò sì kó ẹ̀ka kúrò? Bí igi bá wó lu kókó aládùúgbò, ta ni yóò san án? Bí agégi tàbí ọmọṣẹ́ rẹ̀ bá farapa, ta ni yóò gbé e dé ilé ìwòsàn, ta ni yóò sì san owó rẹ̀? Bí igi náà bá sì jẹ́ gẹdú, bíi ìrókò, afàrà tàbí ìdígbó, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé àṣẹ ní ọ́fíísì igbó ìjọba.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, iṣẹ́ tiyín náà wà níbẹ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Akoto àti ṣòkòtò ayùn tí ó wọ́n fún ẹnì kan kò wọ́n fún ogún ènìyàn. Ẹgbẹ́ lè rà á, kí agégi máa san án díẹ̀díẹ̀. Àwọn agégi lè dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, kí wọ́n máa dá owó fún ẹni tí ó bá farapa, kí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé ẹnì kan kì í dá lọ gé igi láìsí ẹnìkejì tí yóò ké sí aráyé. Àwọn àgbẹ̀ tí oko wọn pààlà lè pe agégi kan ṣoṣo pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan, owó ọkọ̀ yóò dín kù fún gbogbo wọn, òun náà yóò sì rí iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń gé igi nígbó, ká máa fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò. Ẹni tí ẹ pè wá sí oko yín láàárọ̀, ẹ jẹ́ kí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà sílé nírọ̀lẹ́.