Ìjókòó De Ìpè: Ohun Tí Ojú Awakọ̀ Òfurufú Tuntun Ń Rí

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa sọ níbi àpéjọ ẹ̀ka Amẹ́ríkà, ní ìlú Houston)

  

Nígbà tí akọ̀wé wa tẹ̀ mí láago pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ mi, mo mọ ohun tó fà á. Kò sí ìpàdé tí a ń ṣe tí òbí kan kì í fà mí sí kọ̀rọ̀: "Bọ̀dá, ọmọ mi ní páílọ́ọ̀tì lòun fẹ́ ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ wo ló dáa? Èló ni wọ́n ń gbà?" Ẹnì kan tilẹ̀ sọ fún mi pé òun ti rí ẹni tó máa ra ilẹ̀ òun ní Ìbàdàn. Kí ilẹ̀ ọ̀hún tó lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ apá tí wọn kì í kọ sínú ìwé ìpolówó. Owó ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni, ìyẹn ọdún kìn-ín-ní àti ìkejì lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí ènìyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní regional.

Àwọn ọkọ̀ kéékèèké tó ń kó èrò láti ìlú kékeré wá sí Chicago tàbí Atlanta, tí wọ́n kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá sí lára, ilé-iṣẹ́ mìíràn ló sábà ń wà wọ́n. Èyí tí èmi ń wà, Embraer 175, èrò 76 ló ń gbà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Wákàtí 1,500 ni òfin ní kí ènìyàn ti fò kó tó débẹ̀. Ẹni tó bá gboyè nínú iṣẹ́ náà ní yunifásítì tí ìjọba fọwọ́ sí lè wọlé pẹ̀lú 1,000. Akáǹtáǹtì ni mí tẹ́lẹ̀, nítorí náà mo pé 1,500 mi. Ọdún méjì gbáko ni mo fi jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́ńjìnnì kan, tí mò ń kọ́ wọn ní wíwà, tí àwọn náà ń gbìyànjú láti pa mí. Ọdún 2018 ni wọ́n gbà mí síṣẹ́.

Ọjọ́ kìn-ín-ní ni wọ́n ti fún wa ní nọ́ńbà. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó dàgbà jù nínú kíláàsì ló gba nọ́ńbà tó ṣáájú. Èmi ni mo dàgbà ṣe ìkejì, inú mi dùn, mo ní ewú orí mi wúlò níkẹyìn. N kò tíì mọ̀ pé àwọn tó wọlé ṣáájú kíláàsì wa lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ ìlú tí wọ́n máa fi ọ́ sí, ọjọ́ tí o máa sinmi, ìgbà tí o máa gba ìsinmi ọdún. Ẹ̀yin tí ẹ gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí yín. Ọjọ́ tí o wọlé ni agbára rẹ. Kò kan ìmọ̀ ìwé, kò kan ẹwà, fọ́ọ̀mù wáàn ni fọ́ọ̀mù wáàn. Bí o bá sì kọ̀wé fi ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí òmíràn, fọ́ọ̀mù wáàn náà ni o tún máa bá wọlé níbẹ̀, ì báà jẹ́ pé o ti ṣe ogún ọdún.

Ẹ̀kọ́ wọn gba nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Wọ́n fi wá sí òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n fún wa ní àwòrán ńlá kan, àwòrán ilé-awakọ̀ gan-an bó ṣe rí, gbogbo bọ́tìnnì, gbogbo iná. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá mi. Lálaalẹ́ ni mò ń jókòó síwájú rẹ̀, tí mò ń na ọwọ́ kan bébà níbi, kan bébà lọ́hùn-ún, tí mò ń sọ ohun tí mò ń ṣe jáde lẹ́nu. Obìnrin tó ń tún yàrá ṣe ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, ó rò pé mò ń gbàdúrà ni. Ó rọra pa á dé. Kò kúkú fi bẹ́ẹ̀ ṣì í.

Lẹ́yìn bébà ló kan ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní simulator, àpótí ńlá lórí ẹsẹ̀ irin, tó ń mì tó sì ń hó bí ọkọ̀ gidi. Owó rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kì í jẹ́ kó sùn, àwa tuntun la sì ń bọ́ sí òru. Aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago méjì òru ni tiwa. Bí ọkọ̀ bá ti sáré débi tí kò ti lè dúró mọ́, olùkọ́ á pa ẹ́ńjìnnì kan. Ọkọ̀ á fẹ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ ni o máa fi tọ́ ọ títí tó fi máa gòkè. Bí o bá ti ṣe é tán tí o ń mí hẹ̀ẹ̀, á ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká tún un ṣe." Ènìyàn méjì nínú kíláàsì wa kò yege, wọ́n sì padà sílé wọn.

Mo rò pé ibi tó le ti parí nìyẹn. Àṣìṣe ńlá gbáà!

Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá dára, wọ́n á fún un ní àtòjọ ìrìn-àjò rẹ̀ kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tuntun kò ní àtòjọ. Orí reserve ló wà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé o jókòó de ìpè. Bí awakọ̀ kan bá ṣàìsàn, bí ìjì bá da ètò rú, ìwọ ni wọ́n fi ń dí àlàfo. Òfin kò jẹ́ kí ìjókòó yẹn ju wákàtí 14 lọ lójúmọ́. Tèmi sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí, a sì di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá pè, mo gbọ́dọ̀ dé pápákọ̀ òfurufú láàárín wákàtí méjì, pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù àti báàgì. Bí wọn kò bá pè, mò ń wo ògiri. Mò ń gbé fóònù wọ ilé ìwẹ̀. Wákàtí 75 ni wọ́n ń san lóṣù bí a fò ó, bí a kò fò ó. Ẹ lè ní owó ọ̀fẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ni iṣẹ́ yìí, tí a kò bá ṣe é, ó ń dógùn-ún. Òfin pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀: ó ní kí awakọ̀ tuntun fò tó wákàtí 100 láàárín ọjọ́ 120. Lẹ́yìn tí mo pé ìyẹn tán, oṣù kan wà tí mo fò wákàtí mọ́kànlá péré. Màámi pè mí láti ilé nígbà náà. Wọ́n ní, "Àkànní, o ní ọkọ̀ òfurufú lo ń wà, ìgbàkígbà tí mo bá pè ọ́, o ń jókòó. Ta wá ni ó ń wà á?"

Ilé mi wà ní Houston níbí, Chicago sì ni nọ́ńbà mi gbé mi lọ. Ó ju 900 máìlì lọ. N kì í sanwó ọkọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò sanwó kò ní àga. Mò ń dúró wo àga tí èrò kò rà. Àga kékeré kan tún wà lẹ́yìn àwọn awakọ̀ méjì, jumpseat ni wọ́n ń pè é, bí ọ̀gá awakọ̀ bá gbà, mo lè jókòó síbẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ti gba ìyẹn, n ó kàn máa wo ìdí ọkọ̀ bó ṣe ń lọ ni. Iṣẹ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìdájí, ọkọ̀ wo ló máa gbéni débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà? Ọjọ́ ìsinmi mi ni mo fi ń rìn. Ọjọ́ 11 tí wọ́n kọ sínú ìwé, méje tàbí mẹ́fà ló ń dé ọ̀dọ̀ ìyàwó mi.

Ní Chicago, àwa mẹ́sàn-án la háyà ilé kan nítòsí pápákọ̀ O'Hare. Nígbà tí mo wọlé tí mo rí bẹ́ẹ̀dì irin onípele méjì, tí mo rí báàgì lábẹ́ rẹ̀, tí mo gbọ́ òórùn ìbọ̀sẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bàbá ọlọ́mọ méjì ti padà sí dọ́mítìrì! Àfi pé kò sí ẹni tó ń lu agogo. Agogo kálukú wà nínú àpò rẹ̀, ó ń dún nígbà tó bá wù ú. Pótímáńtò mi nìkan ni gàrí wà, ọmọkùnrin ará Ohio kan tó ń sun ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀pà mu ún.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, Màámi wá kí wa. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n dé, ọdún mẹ́fà ni a ti fojú kanra kẹ́yìn. Reserve mi máa bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí Mọ́ńdè. Ó yẹ kí n wọ ọkọ̀ aago mọ́kànlá àárọ̀ Sọ́ńdè. Wọ́n ní àwọn ń se ọbẹ̀ ilá, kí n jẹun kí n tó lọ. Ta ló máa sọ pé rárá? Mo ní ọkọ̀ aago mẹ́rin ṣì wà.

Òjò àti àrá dé ní aago mẹ́ta. Wọ́n fagi lé ọkọ̀ aago mẹ́rin, àwọn èrò rẹ̀ rọ́ kún inú èyí tó tẹ̀ lé e. Ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn ni mo bá lọ, lórí jumpseat, òun náà sì pẹ́ kó tó gbéra. Aago méjì ààbọ̀ òru ni mo fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú ni fóònù dún. Ìrìn mẹ́ta ni wọ́n fún mi, Des Moines ni àkọ́kọ́. Mo ní, "Ẹ ṣé, mò ń bọ̀." Mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì kí n wọ ìbọ̀sẹ̀, mo bá rí i pé n kò mọ ẹsẹ̀ tí mo ti wọ̀ ọ́ sí.

Gbogbo awakọ̀ ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 12, oṣù kejì, ọdún 2009. Ọkọ̀ Colgan 3407 gbéra ní Newark, ó ń lọ sí Buffalo, ó já lu ilé kan lóru. Ènìyàn 49 tó wà nínú rẹ̀ kú, àti ẹnì kan nínú ilé náà. Àwọn tó ṣèwádìí ní bí ọ̀gá awakọ̀ ṣe fèsì sí ìkìlọ̀ ọkọ̀ ló fà á. Wọ́n tún ní ó ṣeé ṣe kí àárẹ̀ ti mú àwọn méjèèjì. Òru mọ́jú ni awakọ̀ kejì fi wọkọ̀ láti agbègbè Seattle wá síbi iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ sì sun yàrá òṣìṣẹ́ ní pápákọ̀. Nítorí wọn ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi ṣòfin ní 2010. Ibẹ̀ ni wákàtí 1,500 ti wá, àti òfin ìsinmi tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014: wákàtí mẹ́wàá ìsinmi kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí àǹfààní oorun wákàtí mẹ́jọ sì wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, láti ìgbà tí iṣẹ́ parí sí ìgbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni òfin yìí ń kà. Kò bi ọ́ bóyá orí bẹ́ẹ̀dì lo wà tàbí o ń sá kiri pápákọ̀ ní Houston. Lójú ìwé, mo ti sinmi ọjọ́ mẹ́rin. Ohun tó kù ni pé òfin kan náà ní ẹni tó bá rẹ̀ kò gbọdọ̀ fò, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì sọ ọ́. Oṣù mẹ́ta péré ló kù kí ọdún ìdánwò mi lẹ́nu iṣẹ́ pé. Nínú ọdún yẹn, wọ́n lè lé ọ láìsọ ìdí.

Mo pè wọ́n padà. Mo ní, "Ó ti rẹ̀ mí, n kò lè fò." Obìnrin tó wà níbẹ̀ dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ṣé àárẹ̀ ni kí n kọ?" Mo ní kó kọ ọ́. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí fóònù dún ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi. Ọmọ Ohio dìde, ó fi iná fóònù wá bàtà rẹ̀, ó jáde. Kò wo òkè.

Ọ̀gá pè mí lọ́jọ́ kejì. Ó bi mí bí mo ṣe rìn, n kò purọ́. Ó ní mo ṣe dáadáa pé mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n pé bí mo ṣe dé Chicago kì í ṣe ẹrù ilé-iṣẹ́. Wọ́n yọ owó ọjọ́ náà, wọ́n sì kọ lẹ́tà kan sínú fáìlì mi. Inú bí mi. Ó ṣì ń bí mi díẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ dájú pé ọ̀pọ̀ nínú àwa tuntun kò gbé ìlú yẹn, owó tí wọ́n sì ń san nígbà náà kò lè kó ẹbí ẹni lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi mi ni, n kò lè gbé e ru ọbẹ̀ ilá. Mo bẹ ọmọ Ohio. Ó ní kò sí wàhálà, kí n ṣáà fún òun ní gàrí tó kù.

Ẹni tí ó ṣòro fún mi jù láti sọ fún ni Màámi. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n ní, "Èmi ni mo dá ọ dúró." Mo ní rárá, èmi ni mo dúró. Títí wọ́n fi padà sí Nàìjíríà, àwọn gan-an ló ń lé mi jáde láàárọ̀, wọ́n á ti di oúnjẹ sínú kúlà.

Ní ti ilẹ̀ Ìbàdàn, nǹkan ti yàtọ̀ díẹ̀. Láti 2022, owó ẹni tuntun lọ́dọ̀ wa ti ju ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n fi gbà mí wọlé. Èmi náà ti kúrò lórí reserve, mo ní àtòjọ tèmi. Síbẹ̀, ẹni tó bá wọlé lónìí, ìsàlẹ̀ náà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá máa ta ilẹ̀, ẹ má ta gbogbo rẹ̀ sí owó ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ tí ọmọ yóò fi háyà ilé ní ìlú tí wọ́n bá gbé e lọ, kó má sùn lójú ọ̀nà. Ẹ sì jọ̀ọ́, bó bá ní òun kò lè wá síbi ìsọmọlórúkọ, ẹ má pe ìpàdé ẹbí lé e lórí.

Àwòrán ilé-awakọ̀ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí, mo gbé àga kan síwájú rẹ̀. Bí a bá jẹun tán, kí àwọn ọmọ tó ní àwọn fẹ́ ṣe páílọ́ọ̀tì wá bá mi níbẹ̀. N ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tan bátìrì.