Ìfẹ́ Tí Kì Í Jẹ́ Kí Aláìsàn Dìde

Bí ẹsẹ̀ ẹnìkan kò bá ṣeé fi rìn mọ́, kí ni àwa ará ilé rẹ̀ máa ń ṣe? A ó bọ́ ọ lóúnjẹ, a ó wẹ̀ ẹ́, a ó ní kí ó má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu. Ìfẹ́ ni a fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n irú ìfẹ́ yìí a máa sọ aláìsàn di ẹni tí kò lè dá nǹkan ṣe mọ́.

Ní ọdún 1944, oníṣègùn kan, Ludwig Guttmann, Júù tí ó sá kúrò ní Jámánì ní 1939, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Stoke Mandeville ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ogun ṣẹ́ ní eegun ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé wá fún un. Nígbà náà, egbò tí ìdùbúlẹ̀ ń dá síni lára, àti àrùn inú àpò ìtọ̀, ni ó ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Guttmann ní kí a máa yí wọn padà ní wákàtí méjì-méjì, tọ̀sán tòru. Nígbà tí ara wọn le díẹ̀, ó kó bọ́ọ̀lù àti ọfà fún wọn lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù July, ọdún 1948, tí eré Òlíńpíìkì bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ènìyàn 16 ta ọfà figagbága ní Stoke Mandeville. Nígbà tí ó di 1960, irú wọn 400 láti orílẹ̀-èdè 23 pàdé ní Róòmù.

Ẹ kíyè sí i: ìtọ́jú ni eré náà. Eré ìdárayá tí kò dùn, ọjọ́ mẹ́ta ni a ó fi ṣe é. Èyí tí ó dùn kì í súni.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bi oníṣègùn léèrè ohun tí ó yẹ aláìsàn yín. Ẹ yan àkókò kan lójúmọ́, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Bí Bàbá bá jẹ́ ọ̀ta lórí ayò, ẹ gbé ọpọ́n kalẹ̀, kí ó fi ọwọ́ tí ó rọ ta á. Bí ó bá jẹ́ Ìyá ni, ẹ jẹ́ kí ó ṣa ẹ̀wà. Bí àyà bá ń dùn wọ́n, tàbí òòyì ń kọ́ wọn, ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ pe oníṣègùn.

Ọjọ́ kìíní kì í ṣòro. Ọ̀sẹ̀ kẹta, tí àwọn abẹniwò ti lọ, ni ó le. Ẹ má ṣe jáwọ́ nígbà náà. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ ràn wọ́n lọ́wọ́ níbi tí agbára wọn kò dé, ṣùgbọ́n ẹ má gba èyí tí wọ́n lè ṣe mọ́ wọn lọ́wọ́.