Ta Ni Ìyà Náà Ń Jẹ? Ẹran Ọ̀sìn Inú Kọ̀ǹpútà àti Ìwà Wa

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá: bí ènìyàn bá ń fi ìyà jẹ ẹran ọ̀sìn tí kò sí níbì kankan àfi inú kọ̀ǹpútà, ṣé ó ṣẹ̀?

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1996, ilé-iṣẹ́ Bandai ní Jàpáánì gbé Tamagotchi jáde, ohun ìṣeré tó rí bí ẹyin, tí ó gba inú àtẹ́lẹwọ́. Bí ebi bá ń pa ẹ̀dá kékeré inú rẹ̀, yóò ké; olówó rẹ̀ yóò tẹ bọ́tìnì láti bọ́ ọ, láti gbá ìgbẹ́ rẹ̀, láti fún un lóògùn. Bí a bá pa á tì, yóò kú. Àwọn ọmọdé ń gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kí ó má baà kú, títí tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan fi fòfin dè é.

Lọ́dún yẹn kan náà, Steve Grand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé géèmù Creatures jáde. Àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀, tí à ń pè ní Norn, ní ohun tó dúró bí ọpọlọ. Wọ́n ń kọ́ ọ̀rọ̀, wọ́n ń bímọ, ọmọ sì ń jogún àbùdá òbí. Ọwọ́ kan wà tí ẹni tó ń ṣeré náà lè fi kẹ́ Norn tó bá ṣe dáadáa, tí ó sì lè fi gbá èyí tó bá ṣàṣìṣe. Ìtọ́sọ́nà ni wọ́n torí rẹ̀ fi ìgbátí sí i. Àmọ́ àwọn kan ń gbá Norn láìṣẹ̀ láìrò, kí wọ́n kàn lè máa wo ìbẹ̀rù rẹ̀. Inú bí àwọn olólùfẹ́ géèmù náà gidigidi. Àwọn mìíràn tilẹ̀ gba àwọn Norn tí a ti lù bẹ́ẹ̀, wọ́n ń tọ́jú wọn.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Òwe wa ní kí ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò, kí ó mọ bí ó ti ń dùn ún. Norn kò ní ara tí a lè gún. Mo gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí àwọn ìyá wa tí ikú mú ọ̀kan nínú ìbejì wọn. Wọ́n ní kí agbẹ́gilére gbẹ́ ère, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n ń fi osùn kùn ún, wọ́n ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé igi ni a fi gbẹ́ ẹ. Ọmọ tí ère dúró fún ni wọ́n ń kẹ́. Bí ẹnìkan bá ta ère náà nípàá níṣojú ìyá, ta ni yóò ní igi lásán ló ta?

Ọ̀rọ̀ náà tún kan ọkàn ẹni tó ń fi ìyà jẹ nǹkan. Immanuel Kant, amòye ọmọ Jámánì, kò gbà pé a jẹ ẹranko fúnra rẹ̀ ní gbèsè kankan. Síbẹ̀ ó kìlọ̀ pé ẹni tó ń ṣe ìkà sí ẹranko, ọkàn rẹ̀ yóò le sí ènìyàn pẹ̀lú.

N kò sọ pé ọmọ tó gbàgbé Tamagotchi rẹ̀ ṣẹ̀, tàbí èyí tó gbá Norn lẹ́ẹ̀kan láti mọ ohun tí yóò ṣe. N kò sì fi í wé géèmù ogun, níbi tí ọ̀tá ti mú ohun ìjà lọ́wọ́. Ẹran ọ̀sìn yàtọ̀: ìkáwọ́ wa ni wọ́n fi í sí, kò lè gbèjà ara rẹ̀. Ẹni tó ń gbádùn ẹkún irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń gbádùn agbára lórí aláìlólùgbèjà. Ìwà sì ni ohun tí a bá ń ṣe lemọ́lemọ́ ń dà.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá bá ọmọ yín nídìí irú eré yìí, ẹ má nà án. Ìgbátí kò lè kọ́ ọmọ pé kò dáa kí a máa gbáni. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í pé, "Kí ló dùn mọ́ ọ nínú ẹkún rẹ̀?" Kí ẹ sì ní sùúrù gbọ́ èsì rẹ̀.