Iyọ̀, Gbòǹgbò àti Ọgbà Ẹ̀ẹ̀rùn Wa

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sọ ní Òkàkà



Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ àti tòmátì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ń bi wá pé, kí ló dé tí etí ewé ń jó bí ẹni pé iná rà á, nígbà tó jẹ́ pé à ń bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́? Ó lè jẹ́ kòkòrò, ó lè jẹ́ oòrùn. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ bá ti rí ohun funfun lójú ilẹ̀ lẹ́yìn tí omi gbẹ, iyọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹni tó bá ti fọ́n iyọ̀ sí ìgbín lára rí mọ̀ pé iyọ̀ a máa fa omi. Bí ó bá pọ̀ nínú ilẹ̀ ju inú gbòǹgbò lọ, òùngbẹ yóò máa gbẹ irúgbìn nínú omi. Ìyà kejì burú ju èyí lọ. Ohun kan wà nínú iyọ̀, tó tún wà nínú káún tí à ń sè lọ́bẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sodium. Ó jọ potassium bí ìbejì, potassium sì ni irúgbìn ń wá, èyí tó wà nínú eérú. Oníbodè ẹnu gbòǹgbò a máa ṣì wọ́n mú. Sodium a bá a wọlé, a bá omi gùn dé ewé, ewé a sì jó láti etí wá.

Báwo wá ni àwọn tó lè gba iyọ̀ mọ́ra ṣe ń ṣe é? Ní etí òkun ilẹ̀ Ìlàjẹ, igi kan wà nínú ẹrẹ̀ omi iyọ̀, gbòǹgbò rẹ̀ gbé e sókè bí ẹni gun àgéré. Gbòǹgbò yìí ń sẹ́ omi bí a ti ń sẹ́ ògì, ọ̀pọ̀ iyọ̀ a sì kù síta. Òmíràn ń bẹ níbẹ̀ tó ń jẹ́ kí iyọ̀ wọlé, tó sì ń làágùn rẹ̀ jáde lójú ewé. Ẹ fi ahọ́n kàn án, ẹ ó tọ́ iyọ̀ wò.

Irúgbìn oúnjẹ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan ń gbìyànjú. Wọ́n ń ti sodium padà síta láti inú gbòǹgbò. Èyí tó bá ráyè wọlé, wọn a tì í mọ́ inú àká kéékèèké níbi tí kò ti lè ba iṣẹ́ jẹ́. Ní 2005, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà kéde ohun tí wọ́n rí nínú ìrẹsì Íńdíà kan tí a ń pè ní Nona Bokra: ó ń fa sodium padà kúrò nínú omi tó ń gòkè lọ sí ewé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ etí òkun ní Sàró, níbi tí ilé ìwádìí ìrẹsì ti wà ní Rokupr láti 1934, kò gbé gbogbo ìrètí lé irúgbìn nìkan. Wọ́n ń dúró kí òjò fọ iyọ̀ kúrò nínú ilẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ìrẹsì lọ sóko.

Ibẹ̀ gan-an ni tiwa wà. Oko iṣu àti ti àgbàdo ìgbà òjò kò kan ọ̀rọ̀ yìí, òjò Òkè-Ògùn ń fọ̀ ọ́. Ọgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ká ṣọ́. Ọkà bàbà ń fara da iyọ̀ ju àgbàdo lọ, ẹ̀wà wà láàárín wọn, àlùbọ́sà kò lè fara dà á rárá. Bíbu omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ń kó iyọ̀ jọ sókè. Ó sàn kí omi rin ilẹ̀ dé ìsàlẹ̀, bí ilẹ̀ náà bá ń fa omi. Ẹ má sì da eérú tàbí ajílẹ̀ òyìnbó lé e láti fi wò ó sàn. Iyọ̀ lórí iyọ̀ nìyẹn.

Àwọn kan nínú yín ti béèrè owó yíyá fún ẹ̀rọ tí yóò máa fa omi kànga. A kò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi omi oníyọ̀ pa ọgbà rẹ̀ yóò ṣì san gbèsè ẹ̀rọ, àwọn onídùúró rẹ̀ yóò sì bá a san án. Nítorí náà, kí olúkúlùkù pọn omi kànga rẹ̀ sínú ìgò tó mọ́, kí ó kọ orúkọ sí i lára, kí ó fà á lé akọ̀wé lọ́wọ́ ṣáájú ìpàdé tó ń bọ̀. A óò kó wọn lọ fún àyẹ̀wò ní Moor Plantation, Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ni a óò jókòó lórí ọ̀rọ̀ owó.