Oorun Inú Gbòǹgbò Asofẹ́yẹjẹ

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àgbo àìróorunsùn. Èmi tí mò ń sùn jù ní kíláàsì! Lónìí, aago méjì òru lojú mi máa ń là kedere.

Gbogbo wa la mọ igi asofẹ́yẹjẹ. Gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn bàbá wa fi ń tọ́jú wèrè, òun náà ni wọ́n fi ń wá oorun. Ẹ má pè é ní àlọ́ o. Dókítà Raymond Prince, ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Àrò, Abẹ́òkúta, kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn ní 1960 pé àwọn oníṣègùn wa ń lò ó fún alárùn ọpọlọ. Igi yìí ní ìbátan ní Íńdíà. Lára ìyẹn ni àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Ciba ní Switzerland ti yọ èròjà reserpine ní 1952. Reserpine kan náà wà nínú gbòǹgbò tiwa. Àwọn òyìnbó fi tọ́jú orí tó dàrú, wọ́n sì fi tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ibẹ̀ gan-an lewu wà. Ohun tó ń mú oorun wá náà ló ń fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Mo ra ìgò àgbo kan nígbà kan, n kò béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo mu ún lé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà fún mi. Mo sùn lóòótọ́. Àfi bí mo ṣe dìde lóru láti lọ tọ̀, ilẹ̀ ni mo bá ara mi! Ìyàwó mi ló gbé mi. Nígbà tí mo padà lọ béèrè, asofẹ́yẹjẹ ni. Kì í sì í tètè kúrò lára. Ó tún lè mú ọkàn ènìyàn rẹ̀wẹ̀sì. Ife ẹnì kan sì lè le ju ti ẹlòmíràn lọ, ta ló wọ̀n ọ́n?

N kò ní kí ẹ da àgbo nù. Ẹ sọ fún dókítà yín ni, ẹ jọ̀ọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Àwa ará Ìkògòsì, tí omi gbígbóná ń sun fún lọ́fẹ̀ẹ́, ṣé ó yẹ kí a máa ra oorun? Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀ ní bíi wákàtí kan sí méjì kí ẹ tó sùn. Bí ara bá ń tutù lẹ́yìn ìwẹ̀, oorun á máa kùn yín.

Obì tí wọ́n ń pín kiri yìí náà ń lé oorun o. Ẹ bá mi fi tèmi pamọ́ di àárọ̀ ọ̀la.